Abẹ́rẹ́ Tí Mo Ná

Mo ná abẹ́rẹ́. Bí ẹ ṣe kà á yẹn náà ni mo ṣe wí. Mo ti ná bátìrì, mo ti ná àgádágodo, mo ti ná yàrá tí mò ń gbé títí onílé fi ní kí n máa san iye tó bá wù mí, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí mo máa dùbúlẹ̀ sórí àga oníṣègùn eyín, tí ẹnu mi á là gbàgà, tí mo tún máa na ọwọ́ sókè pé kí wọ́n dúró ná, kí á jọ sọ ọ́.

Oníṣègùn náà ò ju àkọ́bí mi lọ. Ọmọ Gáná ni, ojú rẹ̀ tutù, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó ti wo eyín náà, eyín ńlá kan lápá òsì nísàlẹ̀, tó ti jẹ ihò tí ẹyọ ẹ̀wà kan lè jókòó sí. Ó ní, "Pàpá, eyín yìí gbọ́dọ̀ kúrò. Abẹ́rẹ́ méjì ni mo máa gún yín kí ibẹ̀ lè kú dáadáa. Ọ̀kan lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín."

Mo ní, "Ẹ mú ọ̀kan."

Ó rò pé mò ń ṣàwàdà, ó rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Dókítà, oníbàárà ni mí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa wá sọ́dọ̀ yín nìyí. Ẹ ṣe é ní ọ̀kan fún mi. Bó bá dáa, mo máa kó àwọn ará ilé mi wá."

Ó ní, "Pàpá, abẹ́rẹ́ kì í ṣe tòmátò."

Mo pa ẹnu dé. Ohun tí à ń ṣe lọ́jà nìyẹn tí ọlọ́jà bá ń ṣe agídí: èèyàn á yíjú padà, á ṣe bí ẹni ń lọ, wọ́n á sì pè é padà. Mi ò lè lọ níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n mo lè pa ẹnu dé. Ó dúró, ó mí kanlẹ̀, ó ní ó dáa, òun á gún ọ̀kan, a ó wò ó. Bí kò bá tó, òun á fi ìkejì kún un. Ó gún un. Ó dúró fún ìgbà díẹ̀. Ó wá fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan kan ètè mi, ó ní, "Ètè yín ti kú?"

Kò kú. Ká sọ òtítọ́, ètè náà wà láàyè ju bó ṣe wà láàárọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kò kú, ìkejì ń bọ̀ nìyẹn. Mo ní, "Ó ti kú, Dókítà. Ó kú pátápátá." Ó tún fi irin kan ẹ̀gbẹ́ eyín, ó ní ṣé mo mọ̀ ọ́n lára. Omi ti lé sí mi lójú. Mo ní rárá.

Ohun tí ojú mi rí nígbà tó fi irin ńlá mú eyín náà, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé mo ti wà nílẹ̀, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ti wà ní títì. Aṣọ tí wọ́n so mọ́ mi lọ́rùn bí ọmọ tó fẹ́ mu kókó ṣì wà lọ́rùn mi nígbà tí mo wọ Cow Lane níbi tí mo ti ń tajà. Ọkùnrin Hausa kan tó ń ta obì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Àlàájì, ta ló pè yín síbi oúnjẹ?" Mi ò tíì dé Mẹ́kà o. Ní Accra, ọkùnrin tó bá ti dé fìlà, tó sì ń sọ Yorùbá, Àlàájì ni títí wọ́n fi máa rí ẹ̀rí mìíràn.

Kí ẹ tó rẹ́rìn-ín tán, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń lé mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, eyín ló pa á. Ashaiman ló ń gbé, táyà àlòkù ló ń tà. Ó lè gbé táyà ọkọ̀ akẹ́rù lé èjìká kan, kó máa fi ẹnu bú ẹni tó rà á pé ó ń fi àkókò òun ṣòfò. Eyín bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ó lọ síbi tí wọ́n ti ń fa eyín, ó padà wálé, eyín náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Wíwú náà sọ̀kalẹ̀ sí ọrùn, ọrùn dí ọ̀fun, a sin ín lọ́jọ́ kẹfà. Gbogbo ẹni tó bá a lórí ibùsùn ló ń sọ fún pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún òun ni. Èmi náà gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti di ti ẹni tí wọ́n fi òwú dí lọ́nà ọ̀fun. Ó ní, "Abẹ́rẹ́ yẹn ò dáa. Abẹ́rẹ́ yẹn." Kò tún sọ nǹkan mìíràn fún mi mọ́ láyé.

Nígbà àdúà ọjọ́ kẹjọ, èmi ni mo dìde láàárín àwọn àlùfáà, tí mo sọ ọ́ kí gbogbo àgbàlá gbọ́ pé abẹ́rẹ́ eyín ló pa ẹ̀gbọ́n mi, pé kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa má ṣe jẹ́ kí wọ́n ki abẹ́rẹ́ bọ òun lẹ́nu láéláé. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ẹ fún mi ní àwùjọ, ẹ ó mọ̀ pé Ọlọ́run fún mi ní ọ̀fun. Wọ́n gbọ́ mi. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni nínú ilé wa ò gbé eyín lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn mọ́. Kánáfùrù là ń jẹ mọ́ ọn. Ọmọ àbúrò mi obìnrin gbé oyún oṣù mẹ́sàn-án pẹ̀lú eyín ríro, ó ń jẹ kánáfùrù bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ ewé, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń sọ fún àwọn tó ní kó lọ sí ọsibítù pé bàbá òun ní Cow Lane ti kìlọ̀. Èmi ni bàbá náà. Nígbà yẹn, orí mi wú.

Èmi tí mò ń kọ èyí, eyín tèmi ti kúrò lẹ́nu mi tipẹ́. Kì í ṣe eyín ló ń dùn mí mọ́.

Bí ẹ bá wá bi mí pé, pẹ̀lú gbogbo ìkìlọ̀ tí mo ṣe yìí, kí ló gbé èmi alára dé orí àga oníṣègùn, omi àlùwàlá ni. Ẹni tí ihò bá wà léyín rẹ̀, kó gbìyànjú láti máa yọ omi tútù lẹ́nu ní ìgbà mẹ́ta, lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ ní apá ọ̀tún nìkan, mo gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí adìyẹ tó ń wo àṣá. Nígbà tó yá, mò ń gbé kẹ́tùlù omi gbígbóná lọ sí mọ́ṣáláṣí. Àwọn àgbà ibẹ̀ ní, "Àlàájì, súgà ńkọ́?" Mo fara dà á fún oṣù mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan, láàárín Fátíhà, eyín náà fà mí débi pé mo gbàgbé ibi tí mo dé, mo sì tún un bẹ̀rẹ̀ nígbà mẹ́rin. Ọjọ́ kejì ni mo lọ ná abẹ́rẹ́.

Nígbà tí mo ti sá dé, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo purọ́. Mo ní oògùn wọn ni kò dáa. Ọlọ́jà ni mí. Ohun tí ọlọ́jà kọ́kọ́ máa ń rò nìyẹn. Ìgbà náà ni iná ń lọ tó ń bọ̀ káàkiri Gáná, èyí tí wọ́n ń pè ní dúmsọ̀, tọ́ọ̀ṣì àti bátìrì ń tà lọ́wọ́ mi bí àkàrà, mo sì mọ̀ pé bátìrì méjì lè wọ aṣọ kan náà, kí ọ̀kan tàn fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí èkejì kú kí oníbàárà tó dé ilé. Mo lọ bá ọkùnrin tó ń ta oògùn ní ìkóríta wa. Mo bi í bóyá abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹnu kú náà ní gidi àti ayédèrú. Ó ní òun ò mọ ti ayédèrú, ṣùgbọ́n ohun tí òun mọ̀ ni pé oríṣi kan kọ́ ló wà.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Bí kì í bá ṣe oríṣi kan, a jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ló pa ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo bá mọ èyí tó jẹ́, mo lè sọ pé kí wọ́n fún mi ní òmíràn. Ìrètí tí mo ní láyé nígbà náà kò ju ìyẹn lọ, mo sì dì í mú bí ẹni di koríko etí odò mú.

Ó ti di dandan kí n tètè ṣe é, torí eyín tí wọ́n ti mì tí wọn ò fà yọ náà ò jẹ́ kí n sinmi. Ọjọ́ kejì tí mo sá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú. Ọjọ́ kẹrin, ìka méjì péré ló lè wọ ẹnu mi. Ọjọ́ karùn-ún, ìka kan. Èmi tí mò ń ta àgádágodo, ẹnu mi tì, mi ò sì ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Gbogbo bí mo ṣe ń wú yẹn, mo ti rí i rí. Mo mọ ibi tí ọ̀nà náà ń lọ, mo mọ iye ọjọ́ tó máa ń gbà.

Tẹ́mà ni mo lọ. Ẹnì kan sọ fún mi pé ilé ìwòsàn eyín kan wà lọ́nà èbúté níbẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi máa ń lọ, pé oríṣiríṣi abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ wọn. Obìnrin tó ti dàgbà díẹ̀ ni mo bá níbẹ̀, ó gbọ́ Hausa, nítorí náà a lè bá ara wa sọ̀rọ̀ láìsí ẹni tó ń túmọ̀. Mo ní kì í ṣe pé mo wá fa eyín o, mo wá wo abẹ́rẹ́ ni. Mo rò pé ó máa lé mi. Ó wò mí, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó lọ síbi kọ́bọ́ọ̀dù, ó kó ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta wá, ó tò wọ́n sórí tábìlì funfun. Ara mi balẹ̀ díẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn, ká to ọjà síwájú oníbàárà.

Ó fi ìka kan èkíní. "Èyí ló pẹ́ jù lọ́wọ́ wa, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà. Wọ́n po nǹkan kan mọ́ ọn tó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ kí oògùn náà má bàa tètè ṣàn lọ. Ẹnu á kú, á sì pẹ́ kó tó jí. Ṣùgbọ́n ó lè mú kí àyà sáré díẹ̀."

"Èyí ńkọ́?"

"Ìyẹn ò ní àpòpọ̀. Kì í mú àyà sáré. Àmọ́ kì í pẹ́ jí."

"Báwo ni kì í ṣe pẹ́? Ó lè jí nígbà tí irin bá ṣì wà lẹ́nu mi?"

"Bí ẹni tó ń fa eyín bá ń sùn," ló wí. "Èmi kì í sùn."

Mo fi ìka kan ìkẹta fúnra mi. Ó ní ìyẹn dé lẹ́yìn àwọn yòókù, pé ó máa ń wọ inú egungun jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n pé òun náà ní àpòpọ̀ tó ń fún iṣan. Mo tẹjú mọ́ wọn. Mo gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo wò wọ́n sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Omi ni gbogbo wọn. Bátìrì, ó kéré tán, èèyàn lè fi sínú tọ́ọ̀ṣì kó tàn án wò.

Mo ní, "Ìyá, nínú mẹ́ta yìí, èwo ló ń pa èèyàn?"

Ó ní, "Ta ló kú?"

Mo sọ fún un. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Mi ò lè sọ ohun tó pa ẹni tí mi ò rí. Tiyín ni mò ń wò." Ó wé nǹkan mọ́ mi lápá, ó fẹ́ ẹ, ó wo iye tó wà lójú rẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ru, ṣé mò ń lo oògùn rẹ̀. Mo ní mi ò mọ̀ pé ó ru. Ó ní, "Ẹ gbọ́. Bí ibẹ̀ ṣe wà yìí, ọyún ti wà nínú rẹ̀. Níbi tí ọyún bá wà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kì í ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ mú kápúsù yìí lọ, ẹ lò ó bí mo ṣe kọ ọ́, kẹ́ ẹ padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kẹta. Mo máa dúró dè yín." Ó wá fi ìka fa ilà sísàlẹ̀ àgbọ̀n ara rẹ̀. "Bí wíwú náà bá kọjá ibí, tàbí kẹ́ ẹ má lè gbé itọ́ mì, ẹ má dúró de ọjọ́ kẹta. Wákàtí náà ni kẹ́ ẹ máa bọ̀."

Mo ní mo gbọ́. Mo mú kápúsù. Mo ní kó bá mi kọ orúkọ abẹ́rẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ìwé, ó kọ ọ́, ó mi orí.

Ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e, mo jókòó sí ìsọ̀ mi pẹ̀lú ìwé yẹn, mò ń fi wọ́n wéra. Èyí tó ní àpòpọ̀ máa mú àyà mi sáré. Ẹ̀jẹ̀ mi ti ru. Àyà mi á sáré títí á fi bẹ́. Èyí tí kò ní àpòpọ̀ máa jí láàárín iṣẹ́, n ó sì tún sá, eyín á tún wà níbẹ̀. Ti ìkẹta, tuntun ni, mi ò sì ra ọjà tuntun rí kí àwọn ẹlòmíràn tó kọ́kọ́ fi ara gbá a. Bí mi ò bá sì gba ìkankan, mo mọ ọ̀nà tí ọrùn ẹ̀gbọ́n mi gbà. Mo kà á títí. Ọ̀nà mẹ́rin ni, ibojì kan ṣoṣo ni gbogbo wọ́n já sí.

Mo sọ fún ìyàwó mi ibi tí likafáánì tí wọ́n máa fi sin mí wà, lábẹ́ àpótí, nínú ọ̀rá. Ó ń jẹ wááṣé lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n jẹun tán ná." Nígbà tó jẹun tán, ó wá jókòó tì mí, ó gbé ọwọ́ lé mi lórúnkún. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá mọ̀ pé mo ṣì wà láàyè.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Láàárín ọjọ́ méjì yẹn, mo yẹ ara mi wò, mi ò rí nǹkan kan tí mo gbà gbọ́. Mi ò gba oníṣègùn gbọ́. Mi ò gba oògùn gbọ́. Àdúà tí mò ń gbà, mò ń gbà á bí ẹni tí wọ́n bu ìtanràn fún. Mi ò lè ka Fátíhà já, torí ẹnu mi ò là. Mò ń kírun nínú ọkàn, ọkàn náà á sì fi ìrun sílẹ̀, á lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ẹ̀gbọ́n mi, á máa gbọ́ ohùn tó dí yẹn pé abẹ́rẹ́ náà ò dáa. Àwọn èèyàn ń bọ̀ wá ra tọ́ọ̀ṣì. Mò ń tan tọ́ọ̀ṣì fún wọn wò, mò ń tan iná sójú ara mi nínú gíláàsì, mò ń wo ibi tí wíwú náà dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, wíwú náà ti kọjá ilà tí obìnrin náà fi ìka fà. Itọ́ ń ṣòro fún mi láti gbé mì. Mo wọ ọkọ̀ tròtrò tó ń lọ Tẹ́mà, mo fi ìborùn ìyàwó mi di ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìwé abẹ́rẹ́ wà lápò mi. Máàtì ọkọ̀ náà gba owó lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, ó fo tèmi, mo ní láti pè é padà. Ó rò pé òkú ni mò ń lọ sin. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀ fún Ashaiman, ẹsẹ̀ mi dìde. Mo sọ fún ara mi pé mi ò sá, pé mo fẹ́ lọ béèrè nǹkan kan ṣoṣo lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni, pé Tẹ́mà ò jìnnà sí ibẹ̀. Òun nìkan ló bá ẹ̀gbọ́n mi lọ síbi eyín lọ́jọ́ yẹn. Òun nìkan ló lè sọ fún mi èyí tí wọ́n gún un.

Ọṣẹ ló ń tà lọ́jà Ashaiman, ọṣẹ gígùn, ọṣẹ dúdú, ọṣẹ ìyẹ̀fun inú ọ̀rá. Ó fi ọdún mélòó kan jù mí lọ, ṣùgbọ́n ilé ló bá mi, nítorí náà ọkọ ló ń pè mí, ó sì máa ń fi ipò ọkọ náà yẹ̀yẹ́ mi. Ó rí mi lókèèrè.

"Ọkọ mi, ta lẹ bá jà?"

"Eyín ni."

"Eyín náà ló borí." Ó ti páálí ọṣẹ kan sí mi. "Ẹ jókòó. Ṣé ẹ ti jẹun? Ẹ má dáhùn, ẹnu yín ò lè jẹun. Kí lẹ wá ṣe lápá ibí láàárọ̀?"

Ọ̀rọ̀ ń ṣòro fún mi, mò ń sọ ọ́ láti àárín eyín. Mo ní, "Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ yẹn. Ṣé àyà rẹ̀ sáré lẹ́yìn rẹ̀?"

Oníbàárà kan dé, ó gé ọṣẹ fún un, ó wé e.

Mo ní, "Ẹnu rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó pẹ́ kó tó jí, àbí ó tètè jí?"

"Ta ló ní kẹ́ ẹ wá bi mí?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Tẹ́mà ni mò ń lọ, wọ́n ń dúró dè mí níbẹ̀. Oríṣi mẹ́ta ni abẹ́rẹ́ náà, ẹ wò ó, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ mọ èyí tó pa á, kí n lè sọ fún wọn pé kí wọ́n má fún mi ní ìyẹn."

Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó pe obìnrin tó wà nísọ̀ kejì pé kó bá òun wo ọjà. Ó wá fa àpótí kékeré tí ó ń jókòó lé mọ́ mi, ó jókòó, orúnkún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn.

Ó ní, "Èmi ni mo bá a lọ. Níta ni mo jókòó, lórí bẹ́ǹṣì. Kò pẹ́ tó wọlé ló jáde, ó fi áńkáṣíìfù bo ẹnu, ó ní wọ́n ti gún òun, wọ́n ní kí òun padà wá lọ́la fún fífà. Mo gbà á gbọ́. Nígbà tí ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, mo lọ síbẹ̀ lọ bá wọn jà. Mo pariwo lé wọn lórí. Mo ní wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ ba ọkọ mi jẹ́. Obìnrin ibẹ̀ jẹ́ kí n pariwo tán, ó ní, 'Màmá, abẹ́rẹ́ wo? Ọkọ yín rí i lọ́wọ́ wa, ó sọ̀kalẹ̀ lórí àga. A pè é títí dé ẹnu ọ̀nà.'"

Mo ní, "Wọn ò gún un?"

"Abẹ́rẹ́ ò kan ẹnu rẹ̀. Mo padà délé, mo bi í. Ó sunkún. Ẹ ò rí i kó sunkún rí, àbí? Èmi náà ò rí i rí. Mo ní ká padà lọ lọ́jọ́ náà, ó ní ó di ọ̀la. Ọ̀la dé, ó tún ní ó di ọ̀la, títí kò fi lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní ohun tí òun fẹ́ kí n ṣe fún òun kò ju ẹyọ kan lọ, pé kí n má jẹ́ kí ẹ̀yin gbọ́. Ẹ̀yin gan-an. Ó ní gbogbo Cow Lane lẹ ti sọ fún pé ẹ̀gbọ́n yín ò bẹ̀rù nǹkan kan."

Òtítọ́ ni. Mo máa ń sọ ọ́. Mo tilẹ̀ máa ń fi táyà ọkọ̀ akẹ́rù yẹn kún un.

"Lọ́jọ́ kẹjọ," ló wí, "inú yàrá opó ni mo wà, lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Mò ń gbọ́ ohùn yín. Ẹ sọ ọ́ dáadáa. Gbogbo wọn ló ṣe àmín. Mo ní bóyá kí n jáde. Opó kì í jáde. Mo tún ní, ta ni mo fẹ́ dójú tì, òkú ni àbí ẹ̀yin?"

Mo ro ti ọmọ àbúrò mi, oyún níwájú, kánáfùrù lẹ́nu. Mo ro ti gbogbo ẹni tó ṣe àmín, mo sì ń ka eyín wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ti jẹ, àwọn tó ti kán, àwọn tí mo fi ọ̀rọ̀ ẹnu mi dè mọ́ wọn lágbọ̀n. Ọdún tó lé ní mẹ́wàá ni mo fi ń bínú sí omi inú ìgò. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ń tì mí láti gbà á.

Ẹ ó rò pé n ó dìde nígbà náà. Mi ò dìde. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Èmi náà sá. Mo sọ̀kalẹ̀ lórí àga. Mo sọ fún wọn nílé pé oògùn wọn ni kò dáa." Mo tún ní, "Ẹ̀rù ṣì ń bà mí."

Ó dìde. Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀, ó tú ìborùn rẹ̀, ó tún un wé kó le.

"Mo mọ̀," ló wí. "Bí ojú tiẹ̀ ṣe rí nìyẹn nígbà tó jáde. Ọkọ mi, òkú ni mo bo àṣírí rẹ̀. Ẹ̀yin ò tíì kú, mi ò ní í bo tiyín. Ẹ dìde, ká lọ. Inú yàrá tí wọ́n ti máa gún yín ni mo máa dúró sí lónìí, mi ò jókòó níta fún ẹnikẹ́ni mọ́."